Kí ló yẹ ká béèrè lọ́wọ́ ìjọba bí a bá fẹ́ gbàlejò àpérò open source àgbáyé ní Ìjẹ̀bú-Òde?

Ọmọ_Mọ́lípà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ẹgbẹ́ àwa tí à ń lo Linux (ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́) àti Python (èdè tí a fi ń kọ sọ́fítíwíà) ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ fẹ́ fi orúkọ Ìjẹ̀bú-Òde sílẹ̀ láti gbàlejò àpérò àgbáyé kan lórí sọ́fítíwíà open source, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò, tó sì lè tún ṣe, ní ọdún 2028. Èèyàn 300 là ń fojú sùn. Bíi 120 nínú wọn yóò wá láti òkè òkun àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn. Ọjọ́ márùn-ún ni, gbọ̀ngàn mẹ́ta.

Ìgbìmọ̀ tó ń yan ìlú ní kí a mú lẹ́tà àtìlẹ́yìn wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ibẹ̀ ni ẹnu wa kò ti kò. Àwọn kan ní ká béèrè owó gidi lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, àwọn kan ní ká má tilẹ̀ dá ìjọba sí i rárá. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: kí ni ká béèrè, ọ́fíìsì wo ni ká gbé e lọ, ìgbà wo ló yẹ kí lẹ́tà wọlé, kí ló sì sábà máa ń bà á jẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i dáadáa, ẹ má fi kúkúrú lé wa lọ.

Ará_Òkè_Mósàn

Àbúrò, ẹ kú ìgbìyànjú. Ẹ kọ́kọ́ ya ohun tí ìjọba nìkan lè ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá lówó lè rà. Ìjọba nìkan ló lè fúnni ní àṣẹ láti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì kí waya fáíbà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba ibẹ̀ kọjá. Ìjọba nìkan ló ń fúnni ní físà. Òun ló ni gbọ̀ngàn ńláńlá kan, òun ló ń rán àwọn agbófinró jáde, òun ló lè ní kí ilé ìwòsàn rẹ̀ fi ọkọ̀ aláìsàn kan sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Àwọn ìwọ̀nyí ni kí ẹ tẹnu mọ́. Oúnjẹ, àga, àpò àti ẹ̀wù kì í ṣe ohun tí ẹ ó torí rẹ̀ máa lọ máa bọ̀ ní Òkè-Mósàn, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà ní Abẹ́òkúta.

Ní ti àsìkò, ọdún ìṣúná ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, ó sì parí ní oṣù kejìlá. Láàárín ọdún ni ilé iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan máa ń kó àbá ìnáwó rẹ̀ jọ fún ọdún tó ń bọ̀, kí gómìnà tó gbé gbogbo rẹ̀ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin. Bí àpérò yín bá bọ́ sí oṣù kẹjọ 2028, lẹ́tà tó wọlé ní oṣù kìíní 2028 ti pẹ́ jù, ìṣúná ti di òfin, kò sì sí orí ìnáwó tí wọ́n máa kọ ọ́ sí. Oṣù kẹfà tàbí ìkeje 2027 ló yẹ kó ti wà nínú fáìlì.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2027 ni sáà ìjọba yìí ń parí. Lẹ́tà tí kọmíṣánnà bá fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún náà, ẹni tó bá gba ipò rẹ̀ lè ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé àgbà ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí i. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ìbò kì í gbé e lọ. Kí ìdáhùn náà sì ní nọ́ńbà fáìlì lórí. Bí ìjọba tuntun bá dé, nọ́ńbà yẹn lẹ ó tọ́ka sí, kì í ṣe orúkọ ẹni tó ṣèlérí.

Lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Gómìnà ni kí ẹ kọ ọ́ sí, nípasẹ̀ Akọ̀wé Ìjọba Ìpínlẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ, àti sí ti àṣà àti ìrìn-àjò afẹ́. Ẹ tẹ ẹ̀dà kan tí ẹ ó mú padà sílé, kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀ ọjọ́ tó wọlé. Bí kò bá sí òǹtẹ̀ yẹn lọ́wọ́ yín, wọn ó ní kò dé, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń béèrè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jẹ ìjọba sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí kò ní ná an ní kọ́bọ̀. Ọ̀gá tó bá rí i pé mẹ́fà nínú ohun mẹ́jọ kò gba owó, ó rọrùn fún un láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ ní láti jẹ́ ẹgbẹ́ tí òfin mọ̀. Lábẹ́ òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ìyẹn CAMA 2020, ẹ máa forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí kì í ṣe fún èrè, tó ní àwọn olùtọ́jú. Ẹ ó polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, wọn ó sì dúró fún ọjọ́ 28 bóyá ẹnikẹ́ni ní àtakò. Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ńbà owó orí àti ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣọ́ owó tí kò mọ́, kí báńkì tó ṣí àkáǹtì tí èèyàn méjì yóò máa fọwọ́ sí. Ẹ fi oṣù mẹ́rin sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní àkókò yẹn, ẹ wá yunifásítì kan tó máa jẹ́ olùgbàlejò lórí ìwé, kí ó kọ lẹ́tà lórúkọ ara rẹ̀.

Linux_Rẹ́mọ

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi yìí tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yan ìlú bọ̀.

Kì í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà, ẹ sì lè fi èyí hàn wọ́n nínú ìwé yín. DebConf16, àpérò àwọn tó ń ṣe Debian (irú Linux kan), wáyé ní Yunifásítì Cape Town ní ọdún 2016. FOSS4G, ti sọ́fítíwíà àwòrán ilẹ̀, lọ sí Dar es Salaam ní 2018. PyCon Africa, ti Python, bẹ̀rẹ̀ ní Accra, ní Gánà, ní 2019. Wikimania 2025, ti àwọn tó ń kọ Wikipedia, wáyé ní Nairobi. Àwọn kan nínú àwọn àpérò wọ̀nyí máa ń gbé ìròyìn ìparí wọn síta, tó fi mọ́ iye tí wọ́n ná lórí ibùsùn, oúnjẹ àti owó ọkọ̀ òfuurufú àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́. Ẹ kà wọ́n kí ẹ tó kọ ìṣúná tiyín. Ìgbìmọ̀ máa fi iye yín wé ti àtẹ̀yìnwá, bí ìyàtọ̀ bá sì pọ̀ láìsí àlàyé, wọn ó rò pé ẹ kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun tí wọ́n ń wá nínú lẹ́tà ìjọba kò pọ̀ rárá: orúkọ àpérò bó ṣe rí gan-an, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, ìlú, àwọn ohun tí ìjọba máa pèsè, orúkọ ipò ẹni tí wọ́n lè kàn sí, àti ìbuwọ́lù. Lẹ́tà tó kún fún ìyìn, tó wá parí sí «a ó ṣe ohun tó bá wà ní agbára wa», kò wúlò fún wọn. Lẹ́tà tó sọ pé «a fi gbọ̀ngàn báyìí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, a ó sì kọ̀wé sí Immigration nítorí físà» ni wọ́n máa gbé yẹ̀ wò.

Ẹ wá ṣọ́ra nípa ohun mẹ́ta tí ìjọba lè fẹ́ gbà padà. Èkíní, orúkọ. Àpérò àgbáyé kì í yí orúkọ rẹ̀ padà torí olùrànlọ́wọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ olóṣèlú ṣáájú rẹ̀ lórí pátákó. Ìjọba ní ipò láàárín àwọn olùrànlọ́wọ́, àmì rẹ̀ á wà níbi tí ti àwọn yòókù wà. Èkejì, ètò. Ìgbìmọ̀ tó ń yan ọ̀rọ̀ ló máa ń yan ẹni tó sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí ìjọba lè fi kún un. Ẹ̀kẹta, àkójọ orúkọ àlejò. Nọ́ńbà ìwé ìrìnnà, tẹlifóònù, ohun tí kálukú kì í jẹ, gbogbo rẹ̀ ló wà lábẹ́ òfin ààbò ìsọfúnni ẹni ti 2023. Immigration ní ẹ̀tọ́ láti gba àkójọ àwọn tó nílò físà, ibẹ̀ náà ló sì parí sí. Ẹ kọ àwọn nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí sínú ìwé àdéhùn nígbà tí ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu gbogbo èèyàn.

Tó bá kan ayẹyẹ ìṣíde, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi àwọn ọ̀gá ìjọba sí àárọ̀ ọjọ́ kìíní. Àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń ti gbọ̀ngàn pa láti yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀gá lè pẹ́ wákàtí méjì, gbogbo ètò ọjọ́ náà á sì wó lé ara wọn. Ẹ fi í sí ọ̀sán ọjọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ, ìṣẹ́jú 45, nínú gbọ̀ngàn tó tóbi jù, kí ètò gbọ̀ngàn méjì yòókù máa lọ. Bó bá pẹ́, gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ló dúró. Ìbẹ̀wò sí ààfin, bóyá ti Awùjalẹ̀ tàbí ti Akarigbo ní Ṣágámù, ọjọ́ ìrìn-àjò afẹ́ ló yẹ kó bọ́ sí. Àwọn àlejò máa ń mọrírì rẹ̀ gidigidi, kò sì ní dí ètò lọ́wọ́.

Ọmọ_Mọ́lípà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè méjì ló kù. À ń rò ó bóyá ká lo ọgbà yunifásítì, yálà Ìjagun tàbí Àgọ́-Ìwòyè, tàbí ká gba hòtẹ́ẹ̀lì ní àárín ìlú. Ìkejì ni íntánẹ́ẹ̀tì àti iná: báwo ni ká ṣe ṣírò rẹ̀, kí sì ni ìjọba lè ṣe sí i?

Waya_Ṣágámù

Ọgbà yunifásítì, ní àkókò ìsinmi gígùn. Ibùsùn, gbọ̀ngàn àti ilé oúnjẹ wà lójú kan náà, waya kan ṣoṣo lẹ sì nílò láti gbé wọlé. Bí àlejò bá fọ́n ká hòtẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá, ọkọ̀ nìkan á jẹ owó yín tán. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ wo omi. Èèyàn 300 tí kálukú ń lo lítà 70 lóòjọ́, lítà 21,000 nìyẹn. Ẹ ka àwọn táǹkì, ẹ wo bóyá ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀.

Íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ tèmi. Èèyàn 300, ẹ̀rọ méjì àbọ̀ fún kálukú, ẹ̀rọ 750 nìyẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì /24 tó ń fúnni ní àdírẹ́ẹ̀sì 254 á kún kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. /22 ni kí ẹ lò, ó ní 1,022. Ẹ jẹ́ kí àkókò tí ẹ̀rọ fi ń di àdírẹ́ẹ̀sì mú kúrú, wákàtí kan péré, torí fóònù òde òní lè pààrọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì MAC rẹ̀ (nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá a mọ̀), ẹyọ kan sì lè gba ju àyè kan lọ.

Access point (àpótí tó ń tan Wi-Fi ká) 15 tó fún gbọ̀ngàn mẹ́ta àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹyọ kan má ru ju ẹ̀rọ 50 lọ. Orí ìgbì 5 GHz ni kí ọ̀pọ̀ èèyàn wà, ìbú ìkànnì 20 MHz, kí ẹ sì dín agbára tí ó fi ń sọ̀rọ̀ kù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn èèyàn máa ń fi 80 MHz sí i kí ó lè yára, wọ́n á tún gbé agbára rẹ̀ dókè. Nínú gbọ̀ngàn tó kún, àwọn access point á máa gbọ́ ohùn ara wọn, ọ̀kan á máa dúró de èkejì, gbogbo ilé á sì lọ́ra. Ẹ pa ìwọ̀n ìyára àtijọ́ ti 802.11b (irú Wi-Fi ayé àtijọ́) náà, torí fóònù kan ṣoṣo tó ń lò ó lè fa gbogbo èèyàn sẹ́yìn.

Ọ̀nà ìta: 300 Mbps lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan, 100 Mbps lọ́wọ́ òmíràn tí kò gba ojú ọ̀nà kan náà. Bí méjèèjì bá gba fáíbà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ títì kan náà, katakátà kan ló máa gé wọn pọ̀. Ìkejì lè jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì orí ìgbì rédíò tàbí Starlink tó ń gba sátẹ́láìtì wá. Ẹ gbé ráútà tó lè yí láti ọ̀kan sí èkejì fúnra rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì dán an wò nípa fífa waya yọ lójú gbogbo yín, kì í ṣe nípa wíwo àwòrán rẹ̀. Ẹ fi sáfà kékeré kan sínú ọgbà tó ń pa àwọn sọ́fítíwíà tí gbogbo èèyàn máa gbà mọ́, apt-cacher-ng fún Debian àti Ubuntu, àti DNS (tó ń wá àdírẹ́ẹ̀sì ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì) tó ń rántí ìdáhùn. Lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí èèyàn 60 bá fẹ́ gba nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí àǹfààní rẹ̀. Fídíò tó ń lọ tààrà láti gbọ̀ngàn mẹ́ta á gba bíi 20 Mbps lórí ọ̀nà tó ń jáde lọ (upload), ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ sì máa gbà á sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ná, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá já má gbé ọ̀rọ̀ olùbánisọ̀rọ̀ lọ.

Ibi tí ìjọba ti wọlé rèé, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ohun tí ẹ lè béèrè: àṣẹ àti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní right of way. Àwọn gómìnà ti fẹnu kò ní oṣù kìíní 2020 pé náírà 145 ni kí wọ́n máa gbà lórí mítà kan. Bí fáíbà bá jìnnà sí ọgbà yín ní kìlómítà kan àbọ̀, náírà 217,500 nìyẹn, ìpínlẹ̀ sì lè yọ ọ́ kúrò pátápátá láìná kọ́bọ̀. Ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó bá gbọ́ pé àṣẹ ti wà nílẹ̀ máa ń fẹ́ gbé waya wọlé ní iye tó kéré, torí kì í ṣe owó nìkan ló ń dí wọn lọ́wọ́, bí kò ṣe oṣù tí wọ́n fi ń dúró de ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tó ni títì. Títì ìjọba àpapọ̀, bí èyí tó ti Ṣágámù kọjá lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin, Abuja ló ni àṣẹ rẹ̀. Títì ìpínlẹ̀ jẹ́ ti Abẹ́òkúta, àdúgbò sì jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Waya kan lè gba ojú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwé mẹ́ta lẹ nílò nígbà yẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́wàá ṣáájú. Àpérò á parí, waya á ṣì wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìdí tí ó sì fi yẹ kí ẹ kọ ọ́ sí orí lẹ́tà yín gan-an nìyẹn.

Ní ti iná: ẹ̀rọ amúlétutù 30 tó jẹ́ 1.5 hp, bíi 35 kW. Láptọ́ọ̀pù 300, 18 kW. Ohùn, fídíò àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, 7 kW. Àpapọ̀ 60 kW. Jẹnẹrétọ̀ 100 kVA ń fúnni ní 80 kW, ó tó, àyè sì ṣẹ́kù fún ìgbà tí àwọn amúlétutù bá ń dìde. Ẹ máa tàn wọ́n ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó máa jẹ bíi lítà dísẹ́ẹ̀lì 20 ní wákàtí kan, wákàtí 10 lóòjọ́, lítà 1,000 fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹ ní ìkejì ní ìpamọ́. Bí ọgbà náà bá wà lórí ìlà Band A ti IBEDC, ilé iṣẹ́ apíniná, tó yẹ kó ní iná fún wákàtí 20 lóòjọ́, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣírò dísẹ́ẹ̀lì yín sí i. Gbogbo switch (àpótí tó ń so waya nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀) àti ráútà gbọ́dọ̀ wà lórí bátìrì tó lè dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí jẹnẹrétọ̀ fi ń gbà á ti tó láti tún gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì lè gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Ará_Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ ṣé o, Waya. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àlejò àti ọjọ́ kún un.

Ẹ má mú ọjọ́ láìwo kàlẹ́ńdà wa. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, kò sí yàrá kankan tó máa ṣófo ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sẹ̀ yẹn, Iléyá sì máa ń fi bíi ọjọ́ 11 tètè dé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ìsìn alẹ́ máa ń wà ní Redemption City lórí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ má gbé àlejò gba ibẹ̀ ní ọ̀sán tàbí alẹ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé ni ìnáwó Ìjẹ̀bú, ẹni tó ni gbọ̀ngàn lè gba owó ẹni tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó mọ́ tiyín. Ẹ jẹ́ kí àlejò dé ní Sátidé àti Àìkú, kí àpérò bẹ̀rẹ̀ ní Ajé, kó parí ní Ẹtì, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí pé gbọ̀ngàn jẹ́ tiyín láti Sátidé tó ṣáájú. Oṣù kẹjọ dára, òjò máa ń dá díẹ̀, yunifásítì sì sábà máa ń wà ní ìsinmi.

Físà: láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2025, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba físà ìgbà kúkúrú, èyí tí wọ́n ń fúnni ní pápákọ̀ ti kásẹ̀ ńlẹ̀. Ọmọ Gánà, Tógò, orílẹ̀-èdè Benin àti àwọn ọmọ ECOWAS yòókù kò nílò rẹ̀ fún ọjọ́ 90. Àwọn yòókù nílò lẹ́tà ìpè tí olùgbàlejò kọ, tó ní orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà, nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́, àdírẹ́ẹ̀sì ibi tí yóò sùn, àti ọ̀rọ̀ pé ẹ̀yin lẹ gba ojúṣe rẹ̀ lọ́rùn títí yóò fi padà. Lórí ìwé yunifásítì ló ti máa ń yá jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 12 ṣáájú, kí ẹ mú àkójọ orúkọ lọ sí ọ́fíìsì Immigration ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n mọ̀ pé irú àpérò bẹ́ẹ̀ wà. Kí àlejò kọ̀ọ̀kan mú lẹ́tà náà dání lórí ìwé títẹ̀, kì í ṣe nínú fóònù, pẹ̀lú káàdì yẹ́lò ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Aṣìṣe lẹ́tà kan ṣoṣo nínú orúkọ lè mú kí wọ́n kọ físà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àlejò fúnra rẹ̀ tẹ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, kí ẹnikẹ́ni má tún un tẹ̀.

Láti pápákọ̀ Ìkẹjà sí Ìjẹ̀bú-Òde tó bíi 100 kìlómítà. Ọkọ̀ òfuurufú tó bá balẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kí àlejò sùn ní Ìkẹjà, kó gbéra ní àárọ̀. Bọ́ọ̀sì oníjókòó 30 mẹ́rin tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Sátidé àti Àìkú máa kó 120 láìsí wàhálà. Fún ìdáàbòbò, ẹ kọ̀wé sí àwọn ọlọ́pàá ní Area Command Ìjẹ̀bú-Òde, ti ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n, lẹ́tà gómìnà nìkan kò tó. So-Safe àti Àmọ̀tẹ́kùn tó ń ṣọ́ ìlú, àti TRACE tó ń darí ọkọ̀, jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ìwọ̀nyí lẹ lè béèrè nínú lẹ́tà Òkè-Mósàn. Ilé ìwòsàn: OOUTH, ti yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, wà ní Ṣágámù, ti Babcock wà ní Ìlíṣàn. Ẹ kọ nọ́ńbà wọn sí ẹ̀yìn káàdì ọrùn kálukú.

Ohun èlò láti òkè òkun: ẹ yá kámẹ́rà àti switch ní Èkó. Bó bá jẹ́ dandan kí wọ́n gbé e wọlé, àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù ní àṣẹ fún ohun tó máa padà lọ, ṣùgbọ́n ẹ ó fi ìwé ìdúró báńkì tàbí ti ilé iṣẹ́ adójútòfò lélẹ̀, ẹ ó sì kọ nọ́ńbà ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Rédíò alágbéká tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ (walkie-talkie) nílò ìwé àṣẹ NCC, àjọ ìbánisọ̀rọ̀. Dróònù nílò ti NCAA, àjọ ọkọ̀ òfuurufú, àti ti ọ́fíìsì ààbò ní Abuja. Ẹ gbàgbé dróònù. Àpò àlejò, àdìrẹ Ìtòkú ni kí ẹ fi rán an. Kò nílò Kọ́sítọ́ọ̀mù, ó sì lẹ́wà ju èyíkéyìí tí ẹ máa kó wọlé lọ.

Linux_Rẹ́mọ

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Mósàn, ẹ jọ̀ọ́, ibì kan wà tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn. Bí ìjọba bá tiẹ̀ fẹ́ fún wọn ní owó, ṣé kó san án sínú àkáǹtì ẹgbẹ́ ni, àbí kó san án tààrà fún hòtẹ́ẹ̀lì àti onímọ́tò? Tààrà ni mo rò pé ó mọ́ jù, kò ní sí ẹni tó máa bi wọ́n léèrè owó.

Ará_Òkè_Mósàn

Ó mọ́ lórí ìwé, ṣùgbọ́n ó léwu. Ìbuwọ́lù yàtọ̀ sí kí owó jáde. Ọ̀gá lè fọwọ́ sí i ní oṣù kẹta, kí owó wá jáde ní oṣù kọkànlá, tàbí kó má jáde lọ́dún náà rárá. Ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì mọ èyí ju yín lọ. Bí ẹ bá sọ fún un pé ìjọba ló máa san án, ó lè gbà lẹ́nu, kó sì fi yàrá fún ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Bí ilé iṣẹ́ ìjọba bá sì gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe tirẹ̀, ẹ kò ní àṣẹ lórí irú ọkọ̀ tó máa wá.

Ohun tí mo rí pé ó yẹ nìyí. Ẹ pín ìṣúná yín sí méjì. Ohun tí àpérò kò lè wáyé láìsí, ìyẹn owó ibùsùn, íntánẹ́ẹ̀tì, jẹnẹrétọ̀ àti dísẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ ọ̀sán àti owó ìrìnnà àwọn tí ẹ ń ràn lọ́wọ́, kí owó àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni àti owó ìforúkọsílẹ̀ gbé gbogbo rẹ̀ láìsí náírà kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ohun tó bá já tí kò ní ba nǹkan jẹ́ ni kí ẹ fi sí ọ̀dọ̀ ìjọba: oúnjẹ alẹ́ ìdágbére, bọ́ọ̀sì ìrìn-àjò afẹ́, àpò àdìrẹ. Bí owó bá jáde, ẹ ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ pọ̀ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Bí kò bá jáde, ètò kankan kò yẹ̀.

Bí wọ́n bá sì pinnu láti fún yín ní owó, àkáǹtì ẹgbẹ́ ni kó wọ̀, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tó sọ ohun tí ẹ máa fi ṣe àti ọjọ́ tí ẹ máa mú ìròyìn ìnáwó wá. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, kí ẹ kọ VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí ojú tirẹ̀, kí ẹ sì mú ìròyìn náà lọ láàárín ọjọ́ 60, kí ẹ gba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín.

Ọmọ_Mọ́lípà

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. A ó lọ wo Ìjagun àti Àgọ́-Ìwòyè nítorí omi àti bí fáíbà ṣe jìnnà tó. Àṣẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà la ó fi ṣáájú nínú lẹ́tà, lẹ́yìn rẹ̀ gbọ̀ngàn, lẹ́yìn rẹ̀ físà. Ìbéèrè kékeré kan ló kù: bí fáíbà bá gba títì ìpínlẹ̀ àti àdúgbò méjì, ṣé ẹgbẹ́ ló máa kọ̀wé béèrè àṣẹ ni, àbí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì?

Waya_Ṣágámù

Ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló ń kọ ọ́, torí òun ló ní ìwé àṣẹ NCC, òun ló sì máa yàwòrán ojú ọ̀nà náà. Tiyín ni láti mú kí lẹ́tà ìjọba tó yọ owó kúrò dárúkọ ilé iṣẹ́ náà àti ojú ọ̀nà náà, láti ibi báyìí dé ibi báyìí, iye mítà rẹ̀. Bí wọn kò bá kọ iye mítà sí i, ẹni tó wà lójú títì á tún ní kí ẹ padà lọ sí Abẹ́òkúta. Kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé ilé iṣẹ́ náà máa dí kòtò padà bó ṣe bá a. Ìjọba ìbílẹ̀ kì í fọwọ́ sí i láìsí ìlà yẹn.